Ẹ Béèrè Ná, Kẹ́ Ẹ Tó Ṣe Àmín

Aago méjì òru kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi tàn lórí tábìlì. Gúrúùpù wa lórí WhatsApp ni, gúrúùpù àwa òbí tó bí ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell, àti àwọn àgbà tí àìsàn náà wà lára wọn fúnra wọn. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́sẹ̀ yẹn ló kọ̀wé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ò jẹun látàárọ̀. Ojú ẹ̀ funfun, ikùn ẹ̀ wú, ó kàn ń sùn ṣáá ni. Kí ni kí n ṣe?"

Lọ́jọ́ kejì, mo padà lọ ka ohun tí a fi dá a lóhùn. Ìdáhùn mọ́kàndínlógójì ni, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. "Ọlọ́run á wò ó sàn." "Àmín." "Àmín, láṣẹ Èdùmàrè." "Ojú ò ní tì yín lórí ọmọ." Ẹnì kan gbé àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ ẹsẹ Bíbélì sí lára wá. Ẹnì kan gba àdúrà oníṣẹ́jú mẹ́rin sórí fóìsì. Ẹnì kan ní kó fún omi ẹ̀fọ́ ugú sí i lẹ́nu. Èmi náà wà níbẹ̀. Tèmi ni ìkejìlá: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá wa. Ó ti lọ nìyẹn lórúkọ Jésù." Mo kọ ọ́ tán, mo dojú fóònù dé, ara mi sì fúyẹ́ bí ara ẹni tó ṣoore.

Nígbà yẹn, ìbéèrè obìnrin náà ti lọ sókè pátápátá. Ẹni tó bá ṣí gúrúùpù ní aago méjì ààbọ̀, àmín ni yóò bá, kò sì ní mọ ohun tí wọ́n ń ṣe àmín sí.

Màmá Nọ́ọ̀sì ló yọ ọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn sì ni ádímìn wa. Wọn ò ṣàdúrà, wọn ò kí i kú ìrọ́jú. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n tò tẹ̀léra: "Ẹ wà níbo? Ta ló wà nítòsí yín tó ní mọ́tò tàbí ọ̀kadà? Ẹ fi ìka tẹ abẹ́ ìhà ọmọ yẹn lápá òsì, ṣé nǹkan le níbẹ̀?" Obìnrin náà ní nǹkan le níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àtẹ́lẹwọ́ òun. Màmá Nọ́ọ̀sì ní: "Ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ máa lọ báyìí. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé SS ni, kẹ́ ẹ sì fi ibi tó le yẹn hàn wọ́n."

Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ egungun ìhà òsì tí àwọn dókítà ń pè ní sìpúlíìnì. Lára ọmọ kékeré tó ní SS, ẹ̀jẹ̀ lè ṣàdédé rọ́ síbẹ̀ kó má rí ọ̀nà jáde, kí ọmọ sì máa ṣófo lójú ẹni láàárín wákàtí mélòó kan. Ní Jàmáíkà, wọ́n kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ tẹ ibẹ̀ wò nílé, iye ọmọ tó ń tipa bẹ́ẹ̀ kú sì lọ sílẹ̀ gan-an. Màmá Nọ́ọ̀sì mọ èyí, a ò mọ̀ ọ́n, ìyẹn ò burú. Èyí tí n kò lè gbé kúrò lọ́kàn ni pé nínú ìdáhùn mọ́kàndínlógójì tó ṣáájú tiwọn, kò sí ìbéèrè kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó bi obìnrin yẹn ní nǹkankan. Gbogbo wa ti mọ ohun tó fẹ́ gbọ́.

Ọmọ náà gba ẹ̀jẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ti ń lọ iléèwé báyìí.

Láti 2014 ni mo ti wà nínú gúrúùpù yìí, kò sì sí ìwà àìmọ̀wàáhù kan tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí tí n kò tíì hù rí, tàbí tí wọn ò tíì hù sí mi. Ẹ má ka èyí sí òfin. Ádímìn ló ni òfin.

Ọmọ mi ọkùnrin ò tíì pé ọdún kan nígbà tí mo wọlé. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo, bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀. Mo kí gbogbo ilé, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí nìyí: "Ṣé ẹ ò ṣe jínótáìpù kẹ́ ẹ tó fẹ́ra yín ni?"

A ṣe é, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá AA, AS tàbí SS lèèyàn. Ilé àyẹ̀wò kan kọ AA fún ọkọ mi, a sì gbé ìwé náà fún pásítọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i. Irọ́ ni ìwé náà pa, AS ni ọkọ mi: ó gbé S kan ṣoṣo, àìsàn náà ò sí lára ẹ̀. Èmi náà, AS. Nínú ènìyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ AS, tí AS méjì bá sì pàdé, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Gbogbo èyí ni mo fi àtàǹpàkò kọ sínú gúrúùpù lọ́jọ́ yẹn, ìlà lórí ìlà, mo ń rojọ́ fún àwọn tí n kò rí sójú rí, bí ẹni pé tí wọ́n bá dá mi láre, ọwọ́ ọmọ mi yóò fà. Mo ti ń wá ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti jáde nígbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì dá sí i. Wọ́n ní: "Ìbéèrè yẹn, ọmọ tó ti délé ò lè dá a lóhùn. Ìyáa wa, ẹ káàbọ̀. Ṣé ó ń mu omi dáadáa?"

Mo ti wà níbẹ̀ pẹ́ tó láti mọ ẹni tó máa ń bi ni ní ìbéèrè jínótáìpù yẹn. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Òun náà ti jókòó síwájú ẹbí ọkọ tí wọ́n bi í ní irú ẹ̀ rí. Ó ń wá ẹni tó jẹ̀bi ju òun lọ ni.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi tó tóbi jù lọ, oògùn ni. Ọmọ mi ti lé ní ọdún mẹ́jọ nígbà tí dókítà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní hydroxyurea, tí gbogbo wa ń pè ní háídrọ́. Oògùn yìí kì í ṣe tuntun, láti 1998 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àgbà tó ní SS, ó sì ti yí ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Kíráísì, ìrora líle tí àìsàn náà ń fà, tó máa ń dá ọmọ mi dùbúlẹ̀ lóṣooṣù, dáwọ́ dúró. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ máa kéde ẹ̀ lójú títì.

Ìyá kan béèrè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé: "Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lo háídrọ́, mélòó lẹ ń fún un?" Kí ẹlòmíì tó gbọnwọ́, mo ti dáhùn: "Ọ̀kan lójúmọ́, oní-500. Oṣù kẹfà rèé, kò tíì wọ kíráísì." Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tí wọ́n pa pọ̀ dúpẹ́, mo sì lọ dáná alẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, mo wà lọ́jà Bódìjà, mo ń ṣa tòmátì, mo ń yọ àwọn tó ti rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fóònù dún nínú àpò mi. Ínbọ́ọ̀sì ni. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu. Ṣé kílò mélòó ni ọmọ tiyín?"

Mi ò tíì dáhùn tí mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tòmátì kan wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ìyá ọlọ́jà ló ké mọ́ mi pé kí n sanwó ẹ̀. Kílò 25 ni ọmọ mi. Bí ọmọ bá ṣe wúwo sí ni dókítà ń fi í wọn háídrọ́, ìwọ̀n tirẹ̀ sì jẹ́ mílígíráàmù 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni 500 ti wá. Ọmọ tiẹ̀ kò ju kílò 11 lọ. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ní ilé ìwòsàn ṣì ku oṣù méjì, ó bá lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì, ó sì ń lò ó bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ inú gúrúùpù ṣe wí. Ẹnu ọmọ náà bó nínú, kò lè gbé ẹ̀kọ mì. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹni tó ń lo háídrọ́ gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wò lemọ́lemọ́ gan-an nìyẹn. Mi ò sọ ìyẹn náà fún un. Mi ò tilẹ̀ rántí pé ó jẹ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ, torí pé ní tèmi, dókítà ló ń ṣe é, èmi kàn ń gbé ọmọ lọ ni.

Wọ́n dá oògùn náà dúró, ara ọmọ náà sì padà bọ̀ sípò. Ìyá rẹ̀ ò bá mi jà. Títí di òní, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, n kò sì lè ṣàlàyé bí orúkọ yẹn ṣe ń wúwo létí mi tó bá ti jẹ́ ẹnu ẹ̀ ló ti jáde.

Mo ro ẹjọ́ ara mi fún Màmá Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí n má rò ó fún àwọn, kí n lọ rò ó níbi tí mo ti sọ ọ́. Mo gba fóìsì oníṣẹ́jú kan sílẹ̀ nígbà mẹ́fà kí n tó fi ọ̀kan ránṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni méjì míì wọ ínbọ́ọ̀sì mi. Àwọn náà ti ṣe àwòkọ ìwọ̀n oògùn láti inú gúrúùpù, ojú ń tì wọ́n láti bi dókítà.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé tí a bá wà láàárín ẹgbẹ́ wa, ká sọ tara wa, ká má pàṣẹ fún ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́. Ní 1935, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Bill Wilson, wà ní ìlú Akron, ní Ohio. Òwò tó bá lọ síbẹ̀ ti dàrú, kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà tó fi ọtí sílẹ̀. Ọtí fẹ́ gbé e lọ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù kiri títí wọ́n fi mú un mọ dókítà kan, Bob Smith, tí ọtí ń bá jà bíi tiẹ̀. Wilson ò lọ wàásù fún dókítà yẹn. Ó lọ sọ bí ti òun ṣe jẹ́, torí òun gan-an ló fẹ́ ṣubú. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ti bẹ̀rẹ̀, àìmọye ẹgbẹ́ ló sì ti kọ́ bí a ṣe ń jókòó ti ara ẹni láti ọ̀dọ̀ wọn.

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n tara mi náà ni mo sọ fún ìyá ọlọ́mọ kílò 11. Mi ò pàṣẹ fún un. "Tèmi rèé" ni mo wí, "Ṣe bẹ́ẹ̀" ló gbọ́, torí pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ tèmi báyìí, mo máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó wà lẹ́yìn rẹ̀: iye kílò, ọjọ́ orí, ẹni tó kọ oògùn, ìgbà tí a máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó máa ń gùn. Àwọn kan ti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà nínú gúrúùpù, ọmọ yunifásítì, aláwàdà. Òun ló máa ń kọ́ àwa ìyá bí a ṣe ń lo fóònù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó kọ̀wé láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn pé òun ti gba abẹ́rẹ́ pẹ́ńtà (pentazocine, oògùn ìrora) méjì, ìrora ò lọ, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sì ní irọ́ lòun ń pa, oògùn lòun ń fẹ́. Ẹ wo ohun tí àwa ìyá kọ sí i. "Ọmọ mi, abẹ́rẹ́ yìí ti di bárakú fún ẹ." "Ṣebí o gbá bọ́ọ̀lù lánàá? A rí i lórí sítátọ́ọ̀sì ẹ." "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè fara dà á rárá."

Òótọ́ wà níbẹ̀ o. Pentazocine máa ń di bárakú, ó sì ti ba ayé àwọn kan tó ní SS jẹ́ nílùú yìí. Ṣùgbọ́n àìsàn tí àwọn baba wa pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, kí ni a rò pé wọ́n ń sọ? Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù lánàá lè máa jẹ̀rora lónìí. Orúkọ ẹ̀ gan-an ti sọ ọ́, àwa tó ń pe orúkọ náà lójoojúmọ́ la wá ń bi ọmọ yìí pé báwo ló ṣe jẹ́.

Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ ṣé, ẹ̀yin màmá mi." Ìlà kékeré ló jáde lẹ́yìn ẹ̀ tó ń sọ pé nọ́ńbà rẹ̀ ti kúrò.

Ìyá àgbà kan wà láàárín wa tó ní SS fúnra wọn, wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n kì í sábà sọ̀rọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: iye ìgbà tí ẹnì kan ti kọ ọ́ sínú gúrúùpù yẹn pé "ọmọ SS kì í kọjá ọdún 21", tí wọ́n ń kà á, tí wọ́n ń dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fi fóìsì ránṣẹ́, ohùn wọn lọ́lẹ̀: "Ẹ̀yin ìyá, ara ẹlòmíì lẹ̀ ń tọ́jú. Èmi, inú ara tèmi ni mò ń gbé. Kì í ṣe nǹkan kan náà."

Lẹ́yìn èyí, Màmá Nọ́ọ̀sì dá gúrúùpù kejì sílẹ̀ fún àwọn tó ní in nìkan. Òbí ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Wọ́n wá ọmọkùnrin yẹn rí, ó wà níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ó máa ń jẹ mí lọ́kàn, torí lọ́jọ́ kan ọmọ mi yóò wọlé síbẹ̀, yóò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwòrán. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àìsàn yìí láti 2008, lọ́jọ́ náà lọ́dọọdún a máa ń gbé àwòrán àwọn ọmọ wa sínú gúrúùpù. Lọ́dún kan, mo gbé ti ọmọ mi síbẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì: dírìpù lọ́wọ́ òsì, bùláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, ẹkún lójú. Mo kọ "jagunjagun mi" sábẹ́ ẹ̀. Inú gúrúùpù ni mo fi sí, mo rò pé inú ilé ni. Bẹ́ẹ̀ WhatsApp ti ń gba ènìyàn 256 sínú gúrúùpù kan láti 2016, ní 2022 ó sún un dé 1,024. Èwo ni ilé nínú ìyẹn? Mi ò mọ ìdajì àwọn tó ń ka ohun tí mò ń kọ.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ìyá kan ládùúgbò wa fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi pé: "Ṣé ọmọ yín kọ́ nìyí?" Òun ni. Bùláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé náà nìyẹn. Wọ́n ti fún un lórúkọ míì, wọ́n ní kò ní bàbá, nọ́ńbà àkáǹtì sì wà lábẹ́ ẹ̀ tí n kò mọ ẹni tó ni ín. A ò mọ ẹni tó gbé e jáde títí di òní. Látìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tọrọ owó nínú gúrúùpù, Màmá Nọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn, orúkọ ẹni tó ń sanwó ibùsùn níbẹ̀ sì ni wọ́n ń san owó náà sí. Ìyẹn ti yanjú.

Èyí tí kò yanjú ni pé ọmọ mi rí i lórí fóònù mi. Mo ti ń múra sílẹ̀ láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ jìbìtì fún un. Kò bi mí ní ti jìbìtì. Ó wo àwòrán náà títí, ó ní: "Mọ́mì, mò ń sunkún níbẹ̀." Ó dá fóònù padà fún mi, ó sì jáde lọ sí bálíkónì. Mo tẹ̀ lé e. Mo ní kó máa bínú, ó ní òun ò bínú. Ọjọ́ kẹta ló tó bi mí pé ènìyàn mélòó ló wà nínú gúrúùpù yẹn.

Èmi náà ti gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì jáde rí. Mo sọ ìṣòro obìnrin kan fún àbúrò mi, láìpe orúkọ, àmọ́ mo dárúkọ ìlú, mo dárúkọ iṣẹ́ tí ọkọ ẹ̀ ń ṣe, mo ní ìbejì ni. Ìbejì mélòó ló wà nílùú yẹn tí ọ̀kan jẹ́ SS? Ọ̀rọ̀ náà kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi dé etí ìyá ọkọ ẹ̀.

Nǹkan kan kù tí mo máa ń bá àwọn ènìyàn jiyàn lé lórí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé kiri. Ọdún tí mo wọ gúrúùpù náà ni Ebola dé Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹjọ 2014, ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti fóònù dé fóònù pé omi iyọ̀ ń dènà rẹ̀, kí a mu ún, kí a fi wẹ̀. A jí ara wa láàárín òru. Èmi náà pò ó. Kò pẹ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde pé ó kéré tán, ẹni méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ìfẹ́ ló gbé omi iyọ̀ yẹn kiri, kì í ṣe ìkà. Kò sẹ́ni tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀tá ẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ àwọn tó máa ń kan ọ̀rọ̀ àgbo lábùkù lójú ẹsẹ̀. Ìyá kan láti oko ní ìyá òun ń se orín àtà fún ọmọ òun, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀rín ẹlẹ́yà dá a lóhùn. Ìyá yẹn ò sọ ohunkóhun mọ́ fún ọdún kan gbáko. Ta ló wá mọ ohun tó ń fún ọmọ ẹ̀ mu láàárín ọdún yẹn? Bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti yẹ orín àtà yẹn wò ní nǹkan bí 1971, wọ́n sì rí i pé omi gbòǹgbò ẹ̀ ń ṣe nǹkan kan sí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní SS, èyí tó máa ń tẹ̀ bíi dòjé, nínú ìgò àyẹ̀wò. Inú ìgò jìnnà sí inú ọmọ, mo gbà. Ohun tí ọ̀dọ́bìnrin yẹn ì bá bi í ò ju èyí lọ: "Ṣé ẹ ṣì ń fún un ní oògùn ibà àti fólíìkì ẹ̀, màmá?" Ìbéèrè yẹn ló lè dáàbò bo ọmọ náà.

Ti ikú ló le jù. Láyé tiwa, a kì í ṣàdédé túfọ̀. Àwọn àgbà ni wọ́n ń rán, wọ́n á wọlé, wọ́n á ní kéèyàn jókòó, wọ́n á wá ẹni tó máa dì í mú. Nínú gúrúùpù wa, ẹnì kan gbé àwòrán ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan síta pẹ̀lú àbẹ́là, nígbà tí bàbá ọmọ náà ṣì wà lójú ọ̀nà láti ibi iṣẹ́. Inú mọ́tò ló ti kà á. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ìyá ọmọ náà ò kúrò nínú gúrúùpù. A kí i, a ní Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò, bí a ṣe máa ń wí, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe aago ògiri. Ó dákẹ́. Oṣù díẹ̀ kọjá, ẹnì kan wá béèrè lójú gbogbo wa pé: "Ẹ̀yin ṣì wà níbí ni, màmá?" Mo rò pé yóò jáde. Ó fèsì pé: "Mo ṣì wà. Mi ò rí oorun sùn lóru. Tí ẹ bá nílò ẹni tó lajú, ẹ pè mí."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọbìnrin kan wọlé, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Aago méjì kù díẹ̀. Ó ní: "Èsì ọmọ mi jáde lónìí. SS ni." Kò béèrè nǹkankan. Mo rí i lókè ojú fóònù pé àwọn kan ti ń kọ ọ̀rọ̀. Èmi náà ti kọ "Ẹ pẹ̀lẹ́", mo pa á rẹ́. Mo kọ "Ọlọ́run á", mo pa á rẹ́.

Ìyá tí kì í sùn yẹn ló kọ́kọ́ dé. Ó ní: "Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀: èyí tí òun sọ ọ́, èyí tí ọkọ òun sọ ọ́, èyí tí ìyá-ìyá rẹ̀ mú wá láti Ìjẹ̀bú pẹ̀lú owó àti orógbó lọ́jọ́ ìkómọ. Ó fi oríkì ẹ̀ kún un. Ó ní gbogbo ọjọ́ náà, látàárọ̀, nílé ìwòsàn àti nílé, kò tíì sẹ́ni tó pe ọmọ òun lórúkọ.